Súwíìṣì Onídẹ, Ṣéńjóvà àti Jẹnẹrétọ̀: Ohun Èlò Iná Àtijọ́ Tí Mo Ń Kó Jọ

Nínú àwọn ilé tí àwọn bàbá wa kọ́ ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo láàárín nǹkan bí ọdún 1930 sí 1975, àwọn ohun kékeré kan wà lára ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ogún ilé. Súwíìṣì onídẹ tí orí rẹ̀ rí róbótó wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò róbótó mẹ́ta wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí fíúùsì alátánganran àti wáyà tí wọ́n fi òwú hun bò. Bí wọ́n bá fẹ́ wó irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọyì nǹkan a tètè lọ yọ ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n ohun èlò iná a di ti oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹni tí yóò fi òòlù fọ́ tánganran rẹ̀ nítorí ìwọ̀nba bàbà àti idẹ tó wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gba àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí mo ń tún wọn ṣe, tí mo sì ń tò wọ́n sí yàrá kan nínú ilé mi fún ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Yàrá kan náà ni mo to jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ sí, nítorí mo gbà pé ẹni tó bá ya súwíìṣì ara ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé kò lè sọ ìtàn iná inú ilé wa dé ìdajì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àṣà kíkó irú nǹkan báyìí jọ ti fìdí múlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń kó súwíìṣì àti gílóòbù jọ, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ sí pápá ní òpin ọ̀sẹ̀ láti tan án fún èrò ìwòran. Ìyàtọ̀ yìí bá ìtàn tiwọn mu, nítorí pé nígbà tí wáyà iná ìjọba ti dé gbogbo ilé wọn, ẹ́ńjìnnì kò ní iṣẹ́ púpọ̀ nínú ilé mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ amúnáwá kò fi ilé sílẹ̀ rí. Ó wà kí wáyà ìjọba tó dé ọ̀pọ̀ ìlú, ó sì tún padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ́yìn tí wáyà náà dé.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná mànàmáná ní Èkó, ọdún 17 péré lẹ́yìn tí Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Thomas Edison ní Amẹ́ríkà fi gílóòbù wọn han aráyé. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá ti Ìjọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Òfin tó dá àjọ ECN (Electricity Corporation of Nigeria, àjọ iná ìjọba) sílẹ̀ jáde ní 1950, iná ìdídò Kainji dé ní 1968, ECN àti àjọ tó ń bójú tó ìdídò náà para pọ̀ di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005, ìjọba sì gbé iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013. Ẹni tó ń kó ohun èlò iná jọ kò gbọdọ̀ fojú di àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń sọ ọjọ́ orí nǹkan. Bí mo bá rí ìdérí irin tí wọ́n tẹ ECN sí lára, mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé wọn kò lè ti ṣe é ṣáájú 1950, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni tún bẹ̀wẹ̀ irú rẹ̀ lẹ́yìn 1972. Àwọn ECN yìí náà ni Ben Enwonwu ṣe ère Ṣàngó fún ní 1964, èyí tí wọ́n gbé dúró sí olú ilé-iṣẹ́ iná ní Màrínà, Èkó. Nínú gbogbo ohun tí iná mànàmáná mú wọ orílẹ̀-èdè yìí, èyí ni mo rò pé ó lẹ́wà jù lọ, mo sì máa ń gba ẹni tó bá bẹ̀ mí wò níyànjú pé kó lọ wò ó kó tó wá wo tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú yàrá mi ni àwọn súwíìṣì. Ìsàlẹ̀ irú èyí tó pẹ́ jù lọ jẹ́ tánganran funfun, ìdérí rẹ̀ jẹ́ idẹ, ahọ́n kékeré kan sì yọ síta láàárín ìdérí náà tí a ń fi ìka tẹ̀. Ẹni tó bá tú u yóò rí sípíríǹgì nínú rẹ̀. John Henry Holmes, ará Newcastle, ni ó mú ọgbọ́n sípíríǹgì yìí jáde ní 1884, kí irin méjì tó kan ara wọn lè já kúrò lára ara wọn lọ́gán láìka bí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe lọ́ra tó. Bí irin méjèèjì bá ń yapa díẹ̀díẹ̀, iná yóò máa fò láàárín wọn, yóò sì jẹ wọ́n títí súwíìṣì náà yóò fi jóná. Sípíríǹgì yìí ló ń dún tó nígbà tí a bá tẹ súwíìṣì àtijọ́, ìró kan tó le, tó sì mọ́, tí súwíìṣì oníke òde òní kò lè dún irú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi máa ń tún sípíríǹgì inú rẹ̀ ṣe kí n tó nu ìta rẹ̀, nítorí pé súwíìṣì tí kò lè dún mọ́ kò ju òkú idẹ lọ lójú mi.

Ìdérí idẹ yìí ní ewu tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọn kò fa wáyà ilẹ̀ dé ìdí súwíìṣì nígbà náà, nítorí náà, bí wáyà kan bá bọ́ nínú rẹ̀ tó sì fara kan idẹ, ìdérí tí gbogbo ará ilé ń fọwọ́ kàn yóò gba iná. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí Bakelite fi gba ipò idẹ lára ògiri. Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é ní 1907, ike líle kan tí iná kò lè gbà kọjá, tí ooru kò sì lè yọ́. Wọ́n sábà máa ń po ìyẹ̀fun igi mọ́ ọn, ìdí nìyí tí àwọ̀ rẹ̀ fi máa ń jẹ́ búráùn tàbí dúdú. Ẹni tí kò bá dá a lójú bóyá Bakelite tòótọ́ ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi omi gbígbóná ra á díẹ̀, kó sì gbóòórùn rẹ̀: yóò ta sí i nímú bí oògùn ilé ìwòsàn, ike lásán kì í rùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń dùn mí tí mo bá rí i nílé àwọn ẹlòmíràn tó ń to súwíìṣì àtijọ́ hàn. Súwíìṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí í ṣe irú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí kí iná tó tàn, òkè sì ni ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá kan tiwa mọ́gi lórí kodò ti yí ìṣe ọwọ́ àwọn tó lò ó padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà sí nínú rẹ̀ kí ẹ tó dé e.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ ìtàn ìdílé jù. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 546 jáde ní 1934. Ìwọ̀n 2, 5 àti 15 ámíìsì (ampere, ìwọ̀n iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá) ni wọ́n mọ̀ jù nínú rẹ̀, gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ róbótó mẹ́ta, ṣùgbọ́n títóbi ẹsẹ̀ wọn yàtọ̀ síra kí ẹnikẹ́ni má baà ki ohun tó ń fa iná púpọ̀ bọ ibi tí wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1947 ni BS 1363 dé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, 13 ámíìsì, tí fíúùsì wà nínú orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà sì ni gbogbo wa ń lò títí di òní. Ìlànà kan kò lé èkejì jáde nínú ilé lọ́jọ́ kan. Nínú ilé kan tí mo ti yọ nǹkan ní Ìbàdàn, oníhò róbótó 5 ámíìsì wà nítòsí ilẹ̀kùn pálọ̀, ó hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ń ki rédíò sí. 15 ámíìsì wà ní ibi tí fíríìjì dúró sí. Onígun mẹ́rin sì wà lábẹ́ fèrèsé, wọ́n fa wáyà rẹ̀ gba ìta ògiri, tí ó fi hàn pé ilé ti parí tipẹ́ kí wọ́n tó nílò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ irú sọ́kẹ́ẹ̀tì àfikún bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n fà. Nítorí náà, mi ò kì í yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan láìkọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo ògiri náà, kí n sì kọ gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ sínú ìwé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a kò mọ ibi tó ti wá kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú páálí olùtajà.

Ní ti wáyà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín jẹ. Wáyà ìgbà náà jẹ́ bàbà tí wọ́n fi rọ́bà wé, tí wọ́n tún fi òwú hun tàbí fi òjé bò. Rọ́bà yìí a máa gbẹ, a sì máa rún bí ọdún bá ti gorí ọdún, débi pé bí ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀kan péré, bàbà yóò yọ síta. Kò sí ohun tó lè sọ ọ́ di wáyà tó ṣeé lò mọ́. Mo máa ń gé e ní kúkúrú, mo ń fi sínú ìgò, mo sì ń fọ ọwọ́ mi dáadáa lẹ́yìn tí mo bá fọwọ́ kan olójé.

Mítà ni mo máa ń ṣọ́ra fún jù, nítorí pé ohun ìní ilé-iṣẹ́ iná ni, kì í ṣe ti onílé, mi ò sì gba ọ̀kankan láìsí ìwé ìyọ̀ǹda. Ìwọ̀nba tó wà lọ́dọ̀ mi jẹ́ irú èyí tí abala áláḿáníọ̀mù pẹlẹbẹ kan ń yí nínú rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Ọmọdé ìgbà tiwa kan kò sí tí kò dúró rí láti wo àmì pupa etí abala náà bó ṣe ń yí kọjá, tó ń yára bí wọ́n bá tan áyọ́ọ̀nù, tó sì ń fà bí gílóòbù kan ṣoṣo bá kù tó ń tàn.

Láàárín ògiri àti ẹ̀yìnkùlé ni ṣéńjóvà wà, òun ni mo sì gbé kọ́ sí àárín gbùngbùn yàrá mi. Àpótí irin dúdú kan ni, ó ní ọwọ́ gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní ipò mẹ́ta: iná ìjọba lókè, jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀, òfo láàárín. Òfo àárín yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já kúrò lára èkíní pátápátá kó tó kan èkejì, kí iná jẹnẹrétọ̀ má baà gba wáyà òpó padà lọ bá òṣìṣẹ́ tó gun òkè láti tún un ṣe, ẹni tó ti gbà pé iná kò sí níbẹ̀. Lára ọwọ́ èyí tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi, ọ̀dà ti họ ní ibi tí àtàǹpàkò ń dúró sí, idẹ inú rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ NEPA lọ. Àwọn tó wá wò ó a máa dákẹ́ tí mo bá fi èyí hàn wọ́n. Mi ò kun ọwọ́ náà lọ́dà, mi ò sì ní kùn ún.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí jẹnẹrétọ̀. Àgbà wọn ni Lister, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ R. A. Lister ti ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní CS, tó ń jẹ dísẹ̀lì, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, wọn kò sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní Dursley títí di 1987. Àwọn tó dàgbà ní ìlú kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n nídìí ẹ̀rọ ìlọta àti ìlọgbàdo kí wọ́n tó mọ̀ pé ó lè mú iná wá. 6/1 rẹ̀ ní agbára ẹṣin 6 àti sìlíńdà kan, ìgbà 650 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo yíyí méjì ni epo sì ń bú nínú rẹ̀, nítorí náà ó ń dún ní ìgbà 325 ní ìṣẹ́jú, ó lé díẹ̀ ní 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, débi pé etí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kà á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré òde òní ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí pé iná wa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dínámò onípóòlù méjì (èyí tó ní ojú òòfà méjì) sì gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 50 náà kó tó lè bá a mu. Lister kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń so kẹ̀kẹ́ irin ńlá rẹ̀ mọ́ dínámò onípóòlù mẹ́rin tó nílò ìgbà 1500 péré. Ẹni tó ń tan án yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kékeré orí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà lè máa jáde, yóò fi irin yí i títí kẹ̀kẹ́ yóò fi ní eré, lẹ́yìn náà ni yóò dá ọwọ́ náà sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì gba ara rẹ̀.

Honda E300 tó jáde ní 1965 ni ó tẹ̀ lé e níbi tí mo tò wọ́n sí. Ó kéré tó ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, ó sì fi hàn pé ẹ̀rọ amúnáwá kò ní láti ní ilé tirẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yamaha ET950, lẹ́yìn èyí ni Tiger TG950 tí wọ́n ṣe ní àwòrán rẹ̀, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí “I better pass my neighbour”. Àwọn kan máa ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi gbé Tiger sí ẹ̀gbẹ́ Lister. Mo ń sọ fún wọn pé òun ni ó gbé iná dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìsọ̀ aránṣọ àti yàrá kan ṣoṣo àwọn tí kò lówó Honda. Ó pọ̀ nígboro lónìí, ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí táǹkì, kábúrétọ̀ àti ìwé ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ óò rí i pé kò rọrùn. Ìsinsìnyí ni ó yẹ kí a máa fi èyí tó dára pamọ́, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ ti yọ́ ní ilé ìyọ́rin.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń ra jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ mọ̀. Inú irin dínámò máa ń ní agbára òòfà díẹ̀ tó ṣẹ́kù, òun sì ni iná fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá jókòó lásán fún ọdún púpọ̀, òòfà yìí lè lọ tán. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa, síbẹ̀ gílóòbù kò ní tàn, wọn yóò sì ní kọ́ìlì ti jó. Púpọ̀ ni kò jó rárá. Bí oníná tó mọṣẹ́ bá yọ ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì fi bátìrì 12 fólìtì kan búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú dínámò) fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, tó fi ẹnu rere àti ẹnu òdì síbi tó yẹ, òòfà lè padà. Ní Òwódé Onírin ní Èkó àti ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Géètì, Ìbàdàn, irú àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi kọ́ìlì yìí ni mo máa ń yẹ̀ wò ṣáájú.

Mi ò kì í tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá àfihàn, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní májèlé tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá wà nínú ilé, táǹkì wọn gbẹ, mo ti fa epo inú kábúrétọ̀ tán kó má baà dì, mo sì ti kán ọ́ìlì díẹ̀ sí inú sìlíńdà gba ojú pílọ́ọ̀gì. Ìta gbangba ni mo máa ń gbé wọn sí tí àlejò bá fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Ní ti súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, orí pákó ìrókò ni mo kàn wọ́n mọ́, nítorí ikán, mo sì so wọ́n mọ́ bátìrì 12 fólìtì àti gílóòbù kékeré, kí ọmọdé lè tẹ súwíìṣì bó ṣe wù ú kó sì gbọ́ ìró rẹ̀ láìsí ewu. Kò sí èyíkéyìí lára wọn tí mo so mọ́ iná ilé. Aṣọ rírọ̀ ni mo fi ń nu Bakelite, mi ò sì jẹ́ kí oòrùn pa á, torí ó máa ń ṣá. Mo ń fọ idẹ, ṣùgbọ́n mi ò fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ha á títí yóò fi máa kọ mànà, bí a ti ń ṣe fún idẹ ọdún. Dídúdú díẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni ìka àwọn tó gbé ilé náà fi síbẹ̀.

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni páálí kékeré wà tí mo kọ àdúgbò, irú ilé àti iyàrá tó ti wá sí. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní ìta Tìnúbú, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855 tí ìjọba sì ti kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2016. Àwòrán iwájú rẹ̀ pọ̀ káàkiri, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwòrán ibi tí súwíìṣì rẹ̀ wà ni mi ò tíì rí ní ibì kankan.

Nítorí náà, bí ilé àtijọ́ kan bá fẹ́ wó ní àdúgbò yín, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí òṣìṣẹ́ tó dé. Ẹ jẹ́ kí oníná gé iná kúrò láti orí òpó, kó sì fi ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí iná níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán iyàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú súwíìṣì rẹ̀ lára ògiri, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú u pẹ̀lú sukurudíráfà, kì í ṣe pẹ̀lú òòlù, kí ẹ sì so ìdérí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan. Èyí tí mo ń wá lọ́wọ́ báyìí ni ọrùn gílóòbù ìta títì oníhò mẹ́ta ti ìgbà ECN, pẹ̀lú àwo irin tó ń bò ó lórí. Bí ẹ bá mọ ibi tí ọ̀kan ṣì wà lórí òpó, ẹ má yọ ọ́, ẹ kàn fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.